Ilẹ̀ Rírà Ò Le, Ìtọ́jú Ẹ̀ Ló Le: Ọ̀rọ̀ Lórí Aṣálẹ̀ Orí Òkè ní California

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Alága ní kí n má pẹ́ jù, mo sì mọ̀ pé ìrẹsì ti ń ta sánsán láti kíṣìnì, torí náà mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, àmọ́ ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Nígbà tí mo ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìpamọ́ inú aṣálẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló wà nínú aṣálẹ̀ téèyàn ń pa mọ́, ṣé yanrìn ni àbí òkúta? Mi ò bá wọn jà, torí aṣálẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni ti inú fíìmù, yanrìn lọ súà, ràkúnmí mélòó kan, ọkùnrin kan tí òùngbẹ fẹ́ gbẹ pa. Èyí tí mò ń sọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò kúrò ní Los Angeles níbí, tẹ́ ẹ kọjú sí ìlà oòrùn lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-10, tẹ́ ẹ kọjá ibi tí àwọn fáànù gàgàrà yẹn ti ń yí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná, tẹ́ ẹ wá yà sọ́wọ́ òsì sórí Highway 62, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, etí yín á dí díẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé Yucca Valley ẹ ti ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mítà. High desert ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ń jó èèyàn, àmọ́ lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, yìnyín máa ń bọ́ níbẹ̀, mo ti wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì síbẹ̀ tí eyín mi ń gbọ̀n kekeke. Òjò ò pọ̀ o, òjò ńlá ọjọ́ kan l'Ékòó lè ju èyí tó máa rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan gbáko lọ. Síbẹ̀ igi wà, òdòdó wà, àgùntàn igbó oníwo ńlá wà, ìjàpá wà, ejò náà wà, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín.

Ibi tí mo mọ̀ jù níbẹ̀ ni Pioneertown Mountains Preserve. Pioneertown fúnra ẹ̀, abúlé àwọn onífíìmù ni, ọdún 1946 ni Roy Rogers, òṣèré fíìmù kọ́bọ̀ì, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ ọ láti máa fi ya fíìmù kọ́bọ̀ì. Ilẹ̀ ìpamọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó bí éékà 25,000, ó gba inú àfonífojì Pipes Canyon kọjá lọ sórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìjọba kọ́ ló ni ín o. Ẹgbẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní The Wildlands Conservancy ló ni ín, òun ló ń tọ́jú ẹ̀, ọdún 1995 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Ẹ rọra gbé mọ́tò yín sílẹ̀, ẹ kí réńjà, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà, ẹ máa lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ aládàáni? Ìtàn ilẹ̀ yẹn ló fà á, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀ torí ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún 1860, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń wá ẹni tó máa la ọ̀nà rélùwéè kọjá síbí, owó ò sí lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. (Ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni o, a máa débẹ̀.) Wọ́n wá pín ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè sí igun mẹ́rin mẹ́rin, máìlì kan níbùú, máìlì kan lóòró, kọ́ńpìnnì rélùwéè mú ọ̀kan, ìjọba mú ìkejì, kọ́ńpìnnì mú ìkẹta, títí lọ. Tẹ́ ẹ bá wo máàpù aṣálẹ̀ Mojave, aṣálẹ̀ tí mò ń sọ yìí, títí di ọdún 1990 sí 1999, ẹ máa rò pé pátákó dráàfù ni, dúdú kan funfun kan. Báwo lèèyàn ṣe máa dáàbò bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìjọba ní òun ń pa tòun mọ́, ẹni tó ni igun tó wà láàárín lè fẹ́ wa kùsà níbẹ̀, ó lè fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, òfin ò sì lè dá a dúró.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1938 ìjọba tún ṣe òfin kan tó fi ń fún àwọn ará ìlú ní éékà márùn-ún márùn-ún nínú aṣálẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti kọ́ ilé kékeré kan sí i. Ọ̀pọ̀ ló lọ kọ́ ọ, wọ́n rí i pé kò sómi, wọ́n já a jù sílẹ̀. Àwọn ahéré yẹn ṣì wà lọ́nà Twentynine Palms títí dòní, òrùlé ti ṣí lórí òmíràn, àwọn kan ti sọ òmíràn di Airbnb, wọ́n ń gba owó tó jẹ yín lójú lálẹ́ kan.

Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo aṣálẹ̀ yẹn, àfi kó ra á. Ohun tí Wildlands Conservancy ṣe nìyẹn. Láàárín 1999 sí 2004 wọ́n da owó ara wọn pọ̀ mọ́ owó ìjọba àpapọ̀, wọ́n ra ilẹ̀ rélùwéè àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì kan tó ń jẹ́ Catellus, ó lé ní éékà 500,000, wọ́n wá kó o fún ìjọba kó lè bá tiẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jọ di ọ̀kan. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn oníná oòrùn dé, wọ́n ń wá ilẹ̀ pẹrẹsẹ láti fi páńẹ́ẹ̀lì bò, ìjọba sì gba fọ́ọ̀mù wọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ gan-an! Àwọn tó dáwó ní áà, ṣé nítorí èyí la ṣe fún yín ni? Ariwo ta, Sẹ́nétọ̀ Dianne Feinstein dá sí i, àfìgbà tó di oṣù kejì ọdún 2016 tí Obama fọwọ́ sí i pé kí apá tó pọ̀ níbẹ̀ di Mojave Trails National Monument, ilẹ̀ ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀, kí ti ẹ̀gbẹ́ Pioneertown náà wà nínú òmíràn tó ń jẹ́ Sand to Snow, kí ọkàn àwọn èèyàn tó balẹ̀ díẹ̀. Èmi ò lòdì sí iná oòrùn o, ó wà lórí òrùlé tèmi náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n fúnni, wọ́n ṣe ayẹyẹ, kò sì tíì tán. Mo sì ń bọ̀ níbi tó le jù.

Lóṣù keje ọdún 2006 àrá sán lórí àwọn òkè yẹn, iná sọ. Sawtooth Complex ni wọ́n ń pe iná náà, ó jó ju éékà 60,000 lọ, ó jó ilé, ó gba ẹ̀mí, ó sì gba inú ilẹ̀ ìpamọ́ Pioneertown kọjá. Nísinsìnyí ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí Sakí máa sọ pé kí ló wà nínú iná ìgbẹ́, ṣebí ọdọọdún là ń sun ún, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, gbogbo ẹ̀ á tún yọ. Òótọ́ ni, nílé. Igbó ọ̀dàn tiwa ti bá iná gbé pẹ́, ó mọ̀ ọ́n jẹ. Aṣálẹ̀ ò mọ iná. Látijọ́, tí àrá bá sán igi kan níbẹ̀, igi yẹn nìkan ló máa jó, torí ilẹ̀ tó wà láàárín igi kan sí èkejì, òfìfo ni, kò sóhun tí iná máa bá rìn.

Kí ló wá kún àárín yẹn? Koríko. Koríko àjòjì. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní red brome, láti etí òkun Mẹditaréníà ló ti bá àwọn ẹran ọ̀sìn àtàwọn àgbẹ̀ wọ̀lú ní ayé àtijọ́. Kò ga ju orúnkún lọ. Tí òjò ìgbà òtútù bá rọ̀ dáadáa, á yọ tútù yọ̀yọ̀, ẹni tí ò mọ̀ á ní ah, aṣálẹ̀ yìí mà dára o. Tó bá di oṣù karùn-ún, orí ẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, á dúró gan-an bẹ́ẹ̀ láìjẹrà títí dìgbà tí àrá máa sán. Iná bá gbérí, ó ń ti ìdí igi kan bọ́ sí ìdí èkejì bíi pé wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn iná, koríko yẹn ló máa kọ́kọ́ padà, igi ò tíì rójú yọ, iná kejì á tún dé. Ibi tí wọ́n ti há mọ́ ọn nìyẹn.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ koríko yìí ni pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀, àwa tá à ń gbé Los Angeles. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ ò lọ́ràá, ìyẹn ló ń jẹ́ kí koríko má pọ̀. Àmọ́ èéfín mọ́tò tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e gba àárín òkè méjèèjì yẹn kọjá, ibi tí àwọn fáànù wà yẹn, náítírójìn inú èéfín yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sórí aṣálẹ̀, á di ajílẹ̀. A ò rí i, a ò gbóòórùn ẹ̀, àmọ́ àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n, ó wà níbẹ̀. Igi aṣálẹ̀ ò mọ ohun tó máa fi ajílẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀, koríko ló ń jẹ ẹ́ yó. Torí náà ẹgbẹ́ tó ra ilẹ̀ lè fi wáyà yí i ká, ó lè gba réńjà méwàá, ta ló máa dá afẹ́fẹ́ dúró?

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fa koríko. Mo máa ń bá wọn fa á lásìkò òtútù, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbayì rárá, ẹ ò ní rí fọ́tò ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dáwó. Ẹ gbọ́dọ̀ fa á kó tó so. Tó bá ti so, kóró ẹ̀ ní ẹnu ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ àti irun gígùn lẹ́yìn, á wọ inú sọ́ọ̀sì, kò ní jáde mọ́, iwájú ló ń lọ, ẹ fẹ́ yọ ọ́ ó tún ń wọlé sí i, ẹ á padà ju sọ́ọ̀sì yẹn nù ni. Ẹ ò sì lè fa á tán nínú éékà 25,000, ẹ máa ń yan ibi tó ṣe pàtàkì ni, ìdí igi àgbà, etí omi, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kẹ́ ẹ sì máa wo ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀. Orí ilẹ̀ ibẹ̀ ní èèpo, dúdú, ó ń ṣe gbágungbàgun, ẹ máa rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ̀dá alààyè ni, òun ló di ilẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á fọ́ ọ, ó sì lè tó ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà. Àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Patton ti Amẹ́ríkà wa táńkì káàkiri aṣálẹ̀ Mojave lọ́dún 1942 nígbà tí wọ́n ń múra ogun Hitler, ojú ọ̀nà táńkì ṣì wà nílẹ̀ níbi púpọ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ igi Joshua, torí òun lẹ máa rí nínú gbogbo fọ́tò. Ó ní apá kaakiri, ewé ẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Kì í yára dàgbà, ínǹṣì mélòó kan ni lọ́dún, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa fi dúró kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́. Òdòdó yẹn wá nìyí: kòkòrò kan ṣoṣo ló lè bá a ṣe é kó so, àfòpiná kékeré kan. Abo ẹ̀ á lọ ko àtíkè òdòdó jọ, á fi ọwọ́ kékeré kan tó wà lẹ́nu ẹ̀ rọ́ ọ di ìṣù, á gbé e lọ sórí òdòdó mìíràn, á kọ́kọ́ yé ẹyin síbẹ̀, á wá fi àtíkè yẹn pa ojú òdòdó náà, ó ń pa á bí ẹni tó ń fi kun lẹ́ nǹkan. Ẹyin pa, ìdin jẹ díẹ̀ nínú kóró, ó ṣẹ́ ìyókù kù fún igi. Tí àfòpiná yẹn bá kú tán, igi ò ní so mọ́, tí igi bá kú tán, àfòpiná ò ríbi yé ẹyin sí. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ní ibòmíràn tó lè lọ.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2020 iná jó Cima Dome, ibì kan lápá ìlà oòrùn aṣálẹ̀ Mojave, ilẹ̀ ìjọba lèyí, éékà tó lé ní 43,000, wọ́n sì fojú bù ú pé igi Joshua tó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ló lọ sí i. Àwọn èèyàn wá ń yọ̀ǹda ara wọn láti lọ gbin ọmọ igi padà, ibì kan wà tí mọ́tò ò lè dé, ràkúnmí ni wọ́n fi ru omi àti ọmọ igi lọ. Ẹ rí i, ràkúnmí inú fíìmù yín ti wọ̀ ọ́.

Ìjàpá náà ńkọ́. Ti ibẹ̀ ò gbọ́n bíi tiwa, ọkọ Yánníbo, àmọ́ ó ní sùúrù. Inú ihò ló ń gbé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀. Omi tó bá mu nígbà tí òjò rọ̀, inú àpò ìtọ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, ó lè lo oṣù lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́nà, tí inú yín dùn, tẹ́ ẹ wá gbé e sókè láti ya fọ́tò, ẹ̀rù á bà á, á tọ̀. Omi ọdún ẹ̀ lẹ dà nù yẹn o, ó sì lè pa á tí òjò ò bá tètè rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti fi í sínú àwọn ẹranko tó wà nínú ewu látọdún 1990. Ọ̀tá ẹ̀ tó pọ̀ sí i jù ni raven, kannakánná ńlá, tó ń jẹ àwọn ọmọ ẹ̀ nígbà tí igbá ẹ̀yìn wọn ò tíì le. Ta ló mú kannakánná pọ̀? Pàǹtí wa ni, àti òpó iná tó ń bà lé, àti omi tó ń jò nínú ọgbà àwọn onílé tuntun.

Owó wá dà? Ẹni tó lówó fẹ́ràn láti ra ilẹ̀, a ó kọ orúkọ ẹ̀ sára òkúta, á ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sára owó oṣù réńjà, sára ọ̀nà tí àgbàrá wó, sára owó lọ́yà, sára ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tó bá ra ilẹ̀ láì fi owó ìtọ́jú pamọ́ sí báǹkì ti ya ọ̀lẹ, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Wíwọlé lọ́fẹ̀ẹ́ dáa, mo fara mọ́ ọn, ọmọ tálákà náà gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ ò túmọ̀ sí níbi gbogbo o. Ibi tí àgùntàn igbó ti ń bímọ, kí wọ́n tì í lásìkò yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú.

Màmá kan béèrè pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn Serrano, àwọn Cahuilla, àwọn Chemehuevi ló ni ibẹ̀ kí rélùwéè tó dé, èso igi páìnì orí òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kó jẹ. Wọ́n gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn ni, kò sí ọ̀nà mìíràn téèyàn lè gbà sọ ọ́. Àmọ́ lọ́dún 2002, ẹgbẹ́ wọn kan, Native American Land Conservancy, ra éékà 2,560 nínú àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Old Woman Mountains, ibẹ̀ di ilẹ̀ ìpamọ́ tiwọn, àwọn ọmọ wọn ń lọ kọ́ orin àti ìtàn níbẹ̀. Ó ká mi lára pé wọ́n fi owó ra ohun tó jẹ́ tiwọn. Ó tún wú mi lórí pé wọ́n ṣe é, torí ọ̀dọ̀ tiwọn ni ìtọ́jú ilẹ̀ ti wà nínú ààtò ìgbé ayé, kì í ṣe nǹkan tó ń dúró de owó àwọn olówó.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lọ́yà wá bi mí pé kí ló ní kí aládàáni má tà á lọ́la. Òun nìkan ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní conservation easement, òfin California ti fàyè gbà á látọdún 1979: ẹni tó ni ilẹ̀ á fọwọ́ sí i pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọ́ báyìí báyìí sórí ẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn ló máa mú ìwé yẹn lọ́wọ́, kódà bí ilẹ̀ bá pààrọ̀ ọwọ́ nígbà ogún, àdéhùn yẹn ń bá a lọ. Ó lágbára. Àmọ́ ìwé náà ò lè fa koríko, ẹni tó mú un lọ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ máa lọ wo ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, kó rí i bóyá ẹnì kan ti ń ba á jẹ́, kó sì ní owó láti pè é lẹ́jọ́ tó bá ṣe é. Ẹgbẹ́ kékeré ò ní irú owó yẹn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ dáwó pé kó bi wọ́n kó tó ṣe é: èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú, ta ló ń lọ wo ilẹ̀, ìgbà wo ló lọ kẹ́yìn? Tí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ mú owó yín padà sápò.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ lásìkò òtútù tó ń bọ̀, kó rí mi lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ mú omi tó pọ̀, fìlà, ìbọ̀wọ́, bàtà tó le. Kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìsàlẹ̀ bàtà yẹn dáadáa nílé kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, torí kóró koríko lè ti ẹ̀yìnkùlé yín bá wa lọ.